Ẹja tí mo yàn kọ́ ni wọ́n yan fún mi ní Marsaxlokk

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹwàá, ní ilé oúnjẹ kan tí ó kọjú sí omi ní Marsaxlokk, abúlé apẹja tí ó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Malta, agbáwo kan gbé abọ́ yìnyín wá síwájú mi, ó sì ní kí n mú èyí tí ó bá wù mí nínú ẹja inú rẹ̀. Mo mú awrata kan tí àmì wúrà ṣì ń dán láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo ṣí etí rẹ̀ wò, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tí ó ní ni pé nǹkan ti gé ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ti òkè jẹ. Òṣùwọ̀n fi gíráàmù 620 hàn, mo sì ya fọ́tò rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé mo fura, bí kò ṣe pé mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Màámi ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ti ń ta ẹja kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tí ẹja yíyan náà dé, mo tún ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. N kò ní purọ́, ó dùn. Epo ólífì, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, awọ rẹ̀ sì ń ró lẹ́nu. Mo ti jẹ ìdajì rẹ̀ kí fóònù tó dún. Màámi kò tilẹ̀ dúró jẹ́ kí n kí wọn.

“Ta ni ó fún ẹja yìí ní ìrù tuntun?”

Mo wo fọ́tò méjèèjì, mo wo abọ́ iwájú mi. Ìrù ẹja tí mo ń jẹ pé pérépéré, òkè àti ìsàlẹ̀. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìwé owó dé: gíráàmù 910, ní Yúrò 45 fún kílò kan, ó di Yúrò 40.95, nígbà tí ẹja tí mo yàn kò lè ju Yúrò 27.90 lọ.

Agbáwo náà ní iná ni ó mú ẹja wú. Mo bi í pé láti ìgbà wo ni iná ti ń fi kún ìwọ̀n ẹja, ó sì lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yìí bọ̀ mí lọ́wọ́, ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kí ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, pé gbogbo awrata ni ó jọra. Mo fa fọ́tò ìrù náà tóbi títí ó fi kún ojú fóònù. Ó wò ó pẹ́, ó gba fóònù mi, ó sì gbé e wọ inú ilé ìdáná lọ. Ìṣẹ́jú 11 ni ó lò níbẹ̀, nítorí mo ń wo aago. Nígbà tí ó jáde, ó mú ìwé owó tuntun wá, Yúrò 27.90, pẹ̀lú ife wáìnì dídùn kan tí n kò bèèrè. Kò sọ pé kí n má bínú. Ó ní àṣìṣe àwọn alásè ni. Mo dá wáìnì rẹ̀ padà, mo san owó mi pé. Yúrò 13.05 kọ́ ni ó dùn mí jù, bí kò ṣe pé ẹlòmíràn ti jẹ ẹja mi. Títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, ìrù ẹja orí tábìlì àwọn ènìyàn ni mo ń wò.

Ọjà ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ kò tu ìbínú mi lójú. Ìbọ̀sẹ̀, báàgì àti ohun ìrántí ni ó gba etí omi náà ká. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja nìkan ni mo ti rí ohun tí mo torí rẹ̀ wá láti London. Àkókò ẹja lampuki ni, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ títí dé ìparí ọdún. Ìyá kan tí ó ń gé e sọ fún mi pé imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn apẹja ń so mọ́ ohun tí ó léfòó lórí òkun, kí ẹja lè wá kóra jọ sábẹ́ òjìji rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọ̀n yí i ká. Kannizzati ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà múnú mi dùn, nítorí pé ẹni tí ó bá ti rí bí àwọn ará Gànvié, abúlé orí omi ní orílẹ̀-èdè Benin, ṣe ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè wá fi ṣe ilé yóò mọ̀ pé ọgbọ́n wọn kò jìnnà síra.

Àwọn ọkọ̀ luzzu ni ó wá bá mi tún ọjọ́ náà ṣe. Wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè, pupa, ewé àti aró, wọ́n sì ṣe ojú méjì sí imú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú tí ó ń wò ọ́ bí o ṣe ń kọjá. Mo fún awakọ̀ ọ̀kan nínú wọn ní Yúrò 15 pé kí ó gbé mi lọ sí St Peter's Pool, adágún inú òkúta tí ó wà ní apá kejì Delimara, ilẹ̀ tí ó yọ gùn wọ inú òkun. A kọjá ilé iṣẹ́ iná àti ọkọ̀ gáàsì gbàǹgbà tí ó dúró síbẹ̀. Kéréènì èbúté ẹrù sì wà ní òdìkejì, nítorí náà kí ẹni tí ó ń ya fọ́tò mọ apá ibi tí yóò kọjú sí. Nígbà tí a yí orí ilẹ̀ náà, ìgbì ń gbá òkúta gbì-gbì. Bàbá náà tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó ní, “Xlokk.” Ìgbà náà ni orúkọ abúlé yìí yé mi: marsa ni èbúté, xlokk ni afẹ́fẹ́ tí ó ń ti gúúsù ìlà-oòrùn wá. Omi ibẹ̀ kò mojú ẹni ńlá, nítorí ní oṣù kejìlá ọdún 1989, tí Bush ààrẹ Amẹ́ríkà àti Gorbachev olórí Soviet wá ṣe ìpàdé nínú ọkọ̀ ní inú èbúté yìí, ìjì ló dá Bush dúró sínú ọkọ̀ tirẹ̀ tí kò fi lè lọ jẹ oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀.

A kò lè sọ̀kalẹ̀. Bí a ṣe gúnlẹ̀ padà, kí n tó la ẹnu, bàbá náà ti ka Yúrò 10 sí mi lọ́wọ́. Ó ní 5 tó fún epo, òkúta náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, kò sì ní sá lọ. Ó tún fi ọkọ̀ kan hàn mí tí wọ́n kun ọ̀já iwájú rẹ̀ ní dúdú, ó ní ilé ẹni tí ó ni ín ń ṣọ̀fọ̀. Mo jókòó tì í níbi tí ó ti ń tún àwọ̀n ṣe títí oòrùn fi wọ̀, bọ́ọ̀sì 81 tí ń lọ sí Valletta sì kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dìde.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé oúnjẹ náà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹsàn-án ọdún tí ń bọ̀, ti èmi àti ti Màámi bí wọ́n bá fún wọn ní físà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí òṣùwọ̀n ọ̀gá yẹn.