ESP32 DevKit lórí táǹkì omi: bọ́ọ̀dù dáa, iná tí wọ́n ń fún un ni kò dáa

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ gbé lé kọ̀ǹpútà kékeré lọ́wọ́, pé kó máa ṣọ́ omi táǹkì, kó fi iye tó kù hàn yín lórí fóònù, kó sì pa pọ́ǹpù tí táǹkì bá ti kún, ESP32 DevKit, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní Wi-Fi nínú, ni kí ẹ rà. Raspberry Pi ti ju iṣẹ́ yẹn lọ. Odindi Linux ló wà lórí káàdì SD tiẹ̀, tí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ lásìkò tó ń kọ nǹkan sórí káàdì yẹn, káàdì lè bàjẹ́, kó má jí mọ́. Arduino Uno R3 ní tiẹ̀ kò ní Wi-Fi, RAM rẹ̀ kò sì ju 2 KB lọ. Ti ESP32 rọrùn: iná lọ, ó kú, iná dé, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa níbí, ìwà yẹn nìkan tó owó tí wọ́n ń tà á.

Espressif ní Shanghai ló ṣe chip inú rẹ̀, ọdún 2016 ló sì dé ọjà. Ọpọlọ méjì (core) ló ní, ó lè sáré dé 240 MHz, RAM rẹ̀ jẹ́ 520 KB. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹlẹ́sẹ̀ (pin) 30 àti ẹlẹ́sẹ̀ 38. Fún iṣẹ́ táǹkì, ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ. Àléébù kan náà ni wọ́n ní: wọ́n fẹ̀ jù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bọ breadboard (pákó oníhò tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀), ìlà ihò kan ló máa ń ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á dí pátápátá. Ẹ so breadboard méjì pọ̀, kí bọ́ọ̀dù dùbúlẹ̀ sáàárín wọn. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, àyàfi tí ọwọ́ yín bá ti mọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì dáadáa.

Tí kọ̀ǹpútà kò bá rí bọ́ọ̀dù, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ wáyà ṣájà fóònù kò ní ju okùn iná méjì lọ nínú. Iná á tàn lórí bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní kọjá. Lẹ́yìn wáyà ló kan driver (sọ́fítíwià tí kọ̀ǹpútà fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀): ẹ wo chip kékeré tó wà nítòsí ihò USB, ẹ ó rí CP2102 tàbí CH340 lára rẹ̀, driver tirẹ̀ ni kí ẹ wá. Tí kóòdù kò bá wọlé, tó ń kọ “Timed out waiting for packet header”, ẹ tẹ bọ́tìnnì BOOT mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ wọlé. Tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, kapásítọ̀ 10 µF láàárín ẹsẹ̀ EN àti ẹsẹ̀ GND (odì iná) lórí bọ́ọ̀dù, kí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ tó gùn wà sí EN, á yanjú rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tó bá a mu jù ni JSN-SR04T, tó ń fi ohùn wọn bí omi ṣe jìnnà sí i tó, nítorí pé omi kò lè wọ orí rẹ̀. Ẹ fún un ní 5 V láti ẹsẹ̀ VIN, kí ẹ so GND mọ́ GND, Trig (ẹsẹ̀ tó ń ní kó ta ohùn) mọ́ ẹsẹ̀ GPIO 25 lórí bọ́ọ̀dù. Echo, ẹsẹ̀ tó ń dá èsì padà, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: 5 V ló ń tú jáde, bẹ́ẹ̀ 3.3 V ni ESP32 ń jẹ. Ẹ fi résístọ̀ 1 kΩ sáàárín Echo àti GPIO 33, kí ẹ wá fi 2 kΩ so GPIO 33 mọ́ GND. Ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀dù á jẹ́ nǹkan bíi 3.3 V. Àwọn kan ń so ó tààrà, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn fi máa kú.

Ẹ mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ yìí kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju bíi 25 cm lọ. Ibí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dojú rú: wọ́n á lu ìdérí táǹkì, wọ́n á dè é mọ́ ọn, omi á gòkè dé 10 cm sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀sọkúsọ. Pọ́ǹpù á rò pé omi ṣì kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí 30 cm jẹ́ “ó ti kún” yín. Ẹ gbé e jìnnà sí ògiri táǹkì àti ibi tí omi ti ń já bọ́, torí ohùn rẹ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Oòrùn náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 20°C, ohùn ń rin 343 m ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú táǹkì dúdú tó ti gbóná dé 40°C, á tó 355 m. Tí kóòdù yín kò bá mọ̀, 120 cm á di 116 cm, omi á sì dà bíi pé ó fi 4 cm pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ẹ mú ìwọ̀n márùn-ún léraléra, èyí tó bọ́ sí àárín ni kí ẹ gbà.

Ó wá ku iná. Wi-Fi ESP32 máa ń fa iná lójijì, kì í fà á díẹ̀díẹ̀, nítorí náà orísun iná yín gbọ́dọ̀ lè fún un ní 500 mA láìmikàn. Tí wáyà bá gùn tó sì tín-ínrín, foltéèjì á já, bọ́ọ̀dù á kọ “Brownout detector was triggered”, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún já, bẹ́ẹ̀ ni á máa yí po. Àwọn èèyàn á máa wá ẹ̀bi nínú kóòdù. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣájà fóònù 5 V, 2 A tó dáa, wáyà kúkúrú, àti kapásítọ̀ 470 µF láàárín VIN àti GND, ó parí.

Ẹni tó fẹ́ fi bátìrì gbé e, kó fetí sílẹ̀. AMS1117, chip tó ń sọ iná di 3.3 V, tó sábà máa ń wà lórí bọ́ọ̀dù yìí ń jẹ nǹkan bíi 1 V kó tó mú 3.3 V jáde, torí náà bátìrì lithium 3.7 V kan lórí VIN kò tó. 12 V látinú bátìrì ínfátà sì pọ̀ jù: tí bọ́ọ̀dù bá ń fa 150 mA, ooru tí AMS1117 máa tú jáde á ju 1 W lọ, ìka yín kò ní lè gbé e. Ẹ lo LM2596, tó ń dín foltéèjì kù, kí ẹ fi mítà yí i sí 5 V kó tó kan bọ́ọ̀dù rárá. Power bank? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń pa ara rẹ̀ tí ohun tí wọ́n gbé bá ń jẹ iná tó kéré. Ọ̀rọ̀ deep sleep (oorun tí chip ń sùn kó lè fi iná pamọ́) náà ní ẹ̀tàn nínú. Chip nìkan lè jẹ́ 10 µA, ṣùgbọ́n iná pupa, chip USB àti AMS1117 lórí DevKit lè gbà tó 10 mA láàárín ara wọn. Bátìrì 2000 mAh á lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ, kò ní lo oṣù mẹ́jọ.

Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ló mọ̀. Tí hotspot fóònù yín bá wà lórí 5 GHz, kò ní rí i. Ẹ fi ESPHome, sọ́fítíwià tó ń bá yín ṣe kóòdù látinú ètò kúkúrú, kọ ọ́ tí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà kóòdù gígùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ `reboot_timeout: 0s` sábẹ́ wifi àti sábẹ́ api. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò bá rí Wi-Fi tàbí Home Assistant (sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ inú ilé) fún ìṣẹ́jú 15, á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á sì wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Rìléè (swíìṣì tí bọ́ọ̀dù fi ń tan pọ́ǹpù, tó fi ń pa á) wo? Aláwọ̀ búlúù kékeré tí wọ́n kọ 10 A sí lára kò tó fún pọ́ǹpù 1 HP. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń bẹ̀rẹ̀, iná tó ń fà máa ń di ìlọ́po bíi mélòó kan, irin inú rìléè á jó lẹ̀ mọ́ra, pọ́ǹpù kò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí rìléè máa tan contactor (swíìṣì ńlá fún ẹ̀rọ tó ń fa iná púpọ̀), kí contactor gbé pọ́ǹpù, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ sì fọwọ́ kan apá 220 V. Ẹ má yọ float switch (swíìṣì tó ń léfòó lórí omi) tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. GPIO 23 dára fún rìléè. GPIO 34, 35, 36 àti 39 kì í tú nǹkan jáde, tí GPIO 12 bá sì ní iná lára nígbà tí bọ́ọ̀dù ń jí, ó lè má jí rárá.

Pico W, bọ́ọ̀dù kékeré Raspberry Pi tó ní Wi-Fi, tó jáde ní 2022 ní $6 náà dáa, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ràn MicroPython (èdè kóòdù Python fún bọ́ọ̀dù kékeré). ADC ESP32, apá rẹ̀ tó ń wọn foltéèjì, kò ṣe é gbára lé fún ìwọ̀n tó péye, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò lò ó. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ ra méjì. Ìkejì á wà nínú àpótí de ọjọ́ tí wáyà 12 V bá ṣèèṣì kan ẹsẹ̀ 3V3.