Ilé-iṣẹ́ Èkó àti ti Bangalore: Ta Ni Kí Ẹ Gbé Áàpù Ìṣòwò Yín Fún?

Bí ètò tí ẹ fi ń ṣírò ọjà bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì, tí ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sórí cloud (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ẹ ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) kí àwọn òṣìṣẹ́ yín lè máa lò ó lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí ìwé iye owó méjì wà níwájú yín: ọ̀kan láti Èkó, èkejì láti Bangalore ní Íńdíà. Ọ̀pọ̀ olùrà ni í kọ́kọ́ wo àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé. Ní tèmi, ẹni tí kóòdù (ohun tí a kọ fún kọ̀ǹpútà kí áàpù lè ṣiṣẹ́) àti àkáǹtì tí a fi ń darí áàpù náà yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí ló ṣe pàtàkì jù.

Bangalore yóò gba dọ́là, iye náírà sì lè ti yí padà kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Èkó yóò gba náírà, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ dọ́là, nítorí òun ni AWS ti Amazon àti Azure ti Microsoft, tí wọ́n ń yáni ní cloud, fi ń díye lé iṣẹ́ wọn, Apple náà sì ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé áàpù sí ilé ìtajà áàpù rẹ̀.

Bí ètò yín bá ti pẹ́, tí ó kún fún àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lórí Oracle, ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú dátà, Íńdíà ni èmi yóò yàn: irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni aago wọn fi ṣáájú tiwa, nítorí náà ẹ fi ìpàdé sí òwúrọ̀.

Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń ta ọjà káàkiri ni yóò lo áàpù náà, Èkó borí. Ẹni tó ń ṣe é lè wá jókòó ní ilé ìtajà yín, kí ó rí bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ ríṣíìtì nígbà tí oníbàárà mẹ́ta ń pariwo lé e lórí. Ó tún mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dáni lágara. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2024, íńtánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ bi àwọn méjèèjì bí áàpù yóò ṣe máa gba ọjà tí a tà sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi ìyẹn sí ìgbà mìíràn kò tíì gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń rán an.

Àwọn kan ń yan Èkó nítorí wọ́n gbà pé àkọsílẹ̀ oníbàárà kò ní kúrò ní Nàìjíríà. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀: ilé-iṣẹ́ Èkó náà lè gbé e sí Azure ní Johannesburg tàbí AWS ní Cape Town. Lábẹ́ òfin ààbò dátà ti ọdún 2023, ẹ̀yin tí ẹ gba nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni ẹ ó dáhùn fún un, ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún.

Ti kóòdù ló wá le jù. Ní Nàìjíríà àti ní Íńdíà, owó tí ẹ san nìkan kò sọ kóòdù di tiyín bí ẹni tó kọ ọ́ kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Ẹ fi ímeèlì ilé-iṣẹ́ yín ṣí gbogbo àkáǹtì láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì dá apá kan owó dúró títí ẹlòmíràn yóò fi mú kí kóòdù náà ṣiṣẹ́ lórí sáfà mìíràn (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ti orí rẹ̀ ṣiṣẹ́) láìpe ẹni tó kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ èyí, kódà bí owó rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti èkejì, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un.