Kámẹ́rà kọ́ńdọ̀ ti San Diego Zoo: ẹ fi páńdà sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ẹ wá wo eléyìí

Páńdà lọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí ẹ̀ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù San Diego Zoo, ọgbà ẹranko kan ní California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mi ò bá wọn wí, páńdà rẹwà. Àmọ́ nínú gbogbo kámẹ́rà tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti máa fi àwọn ẹranko hàn wá lójú ẹsẹ̀, tẹkùn o, terin o, ti pẹ́ńgúìnì o, èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni ti kọ́ńdọ̀, igún ńlá ilẹ̀ California. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa ṣí i lórí fóònù ni kẹ́ẹ máa wò.

Ẹ lè kọ́kọ́ rí ẹyẹ yẹn kó má wù yín. Orí ẹ̀ pá, ara ẹ̀ dúdú, wọ́n so nọ́ńbà mọ́ ọn lápá kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ẹ ṣáà ní sùúrù dìgbà tóòrùn bá ta sí i lára tó wá na apá méjèèjì láti yá oòrùn, apá tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta látìhín dé ọ̀hún, kí funfun abẹ́ ẹ̀ wá yọ síta, háà, ẹ ò ní lè gbójú kúrò!

Ní 1982, 22 péré ló kù nínú wọn ní gbogbo ayé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó wà nígbó wá sí San Diego àti ọgbà ẹranko Los Angeles, 1987 ni wọ́n mú èyí tó gbẹ̀yìn, ariwo sì pọ̀ nígbà yẹn torí àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kó kú sígbó tí wọ́n bí i sí. Inú mi dùn pé wọn ò gbà fún wọn. Ẹyin kan ṣoṣo ni kọ́ńdọ̀ máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tí wọ́n bá tètè gbé e kúrò, abo lè yé òmíì dípò ẹ̀, torí náà wọ́n á gbé tàkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń bá a sàba. Nígbà yẹn, tọ́mọ bá jáde, wọn kì í jẹ́ kó rójú èèyàn, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú ọmọláńgidi tó ní orí bíi ti kọ́ńdọ̀, òun ni wọ́n á fi máa fún un lóúnjẹ, kó má baà ya èèyàn ní ìyá. 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ padà, wọ́n ti lé ní 500 báyìí, ó ju ìdajì wọn lọ tó ń fò kiri nígbó ní California, Arizona, Utah àti Mẹ́síkò.

Ohun tó ń dùn mí ni òjé inú ọta ìbọn. Ọdẹ á pa ẹran, á fi ìfun ẹ̀ sílẹ̀, kọ́ńdọ̀ á jẹ ẹ́ tòun tàfọ́kù ọta, májèlé á sì wọ̀ ọ́ lára. Òun ló ń pa wọ́n jù. California ti fòfin de ọta olójé fún ọdẹ pátápátá láti 2019, ṣùgbọ́n ẹyẹ wo ló mọ ààlà ìpínlẹ̀? Wọ́n ṣì ń mú àwọn tó wà nígbó láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, èyí tára ẹ̀ ò bá yá, wọ́n á tọ́jú ẹ̀.

Máàkì márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un. Àárọ̀ ti California ni kẹ́ẹ wò ó, tílẹ̀ bá ti ṣú lọ́hùn-ún, ẹ ò ní rí nǹkan gidi. Tó bá sì jẹ́ ọmọdé tó fẹ́ nǹkan tó ń sáré kiri lẹ fẹ́ ṣí i fún, ẹ ṣí terin, torí kọ́ńdọ̀ lè dúró sójú kan títí.