Káyáàkì wo ni kẹ́ ẹ rà fún kámpù Assateague? Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Maryland níbí tẹ́ ẹ ń múra àtikó ara yín jọ lọ sùn ní Assateague, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè irú káyáàkì, ìyẹn ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, tó yẹ kẹ́ ẹ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Mo ti bá ẹgbẹ́ wa lọ lẹ́ẹ̀mẹta, èèyàn mẹ́fà la máa ń jẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé ọkọ̀ tó dáa fún wákàtí méjì lórí odò àdúgbò lè má dáa rárá fún ẹni tó fẹ́ di ilé àti oúnjẹ ẹ̀ sínú ọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ.

Bí ibẹ̀ ṣe rí ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa rà. Erékùṣù iyanrìn ni, gígùn ẹ̀ tó máìlì 37, ó na láti Maryland wọ Virginia, òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, bí ẹni pé ẹ wà létí òkun Èkó tí iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sáàárín òkun àti ọ̀sà. Apá ọ̀sà la ti ń tukọ̀. Nínú àwọn ibi tí wọ́n gbà ká pàgọ́ sí, Tingles Island ló sún mọ́ ibi tá a ti ń gbéra jù, lẹ́yìn ẹ̀ Pine Tree, Green Run, títí dé Pope Bay tó jìnnà jù, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó lọ. Kò sómi mímu níbẹ̀ rárá. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kan lójúmọ́, èèyàn mẹ́fà, Fúráìdè dé Sọ́ńdè, gálọ́ọ̀nù 18 nìyẹn, ìwọ̀n ẹ̀ á sì tó páùn 150. Omi nìkan o, a ò tíì ka tẹ́ǹtì, ìkòkò, gáàsì àti gàrí mọ́ ọn.

Èyí tí wọ́n ń jókòó lé lórí, ìyẹn sit-on-top, lẹ máa rí jù ní ṣọ́ọ̀bù, owó ẹ̀ ò sì ga, ẹ lè rí tuntun tó ṣe é lò láàárín dọ́là 500 sí 1,000. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà máa fẹ́ràn ẹ̀ torí ẹsẹ̀ ò há sínú nǹkan kan, tó bá dojú dé, ẹ yí i padà, ẹ gùn ún, ẹ máa lọ. Àmọ́ ìdí yín á tutù látàárọ̀ dalẹ́, tó bá wá jẹ́ oṣù kẹrin, òtútù yẹn kì í ṣeré. Ẹrù ni ìṣòro ẹ̀ gan-an, gbangba lẹ́yìn lẹ ń dì í sí, ó máa ga, atẹ́gùn á rí nǹkan gbá mú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi di kúlà sẹ́yìn tiwọn lọ́dún tá a kọ́kọ́ lọ, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n bá ṣe tọ́ imú ọkọ̀ sọ́nà báyìí ló tún máa yà, kó tó di pé a gúnlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó nídìí àjẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń wọnú ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 17, òun lèmi fọwọ́ sí. Kò ga lórí omi, atẹ́gùn ń gba orí ẹ̀ kọjá, gígùn ẹ̀ sì ń jẹ́ kó lọ tààrà. Ihò ẹrù wà níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ní ọmọrí, ògiri sì wà nínú ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kómi ibi tẹ́ ẹ jókòó sí wọ ibi ẹrù. Ẹ kó omi mímu sísàlẹ̀ pátá nítòsí àga yín, ẹ ò ní kó o sí ṣóńṣó orí ọkọ̀, ẹ máa rí i pé ọkọ̀ tó ń mì tẹ́lẹ̀ á jókòó pẹ̀sẹ̀. Aburú ẹ̀ ni pé ó wọ́n, tuntun lè gba dọ́là 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì dojú dé, omi á kún ibi ìjókòó, àfi kẹ́ ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń padà wọnú ẹ̀ níbi tómi ò ti jìn kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àlòkù ni mo ra tèmi. Ẹni tó tà á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, àwọ̀ ẹ̀ ń dán, mi ò wo rọ́bà etí ọmọrí tí oòrùn ti jẹ, tó ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ká tó dé Pine Tree, omi iyọ̀ ti wọ ibi tí mo kó aṣọ ìbora sí, inú tútù ni mo sùn mọ́jú. Torí ẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà yẹn yíká, tó bá ti le gbagidi, ẹ ní kí wọ́n yọ owó ọmọrí tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

Ẹlẹ́ni méjì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó máa gbé ẹrù ìlọ́po méjì, kò rí bẹ́ẹ̀, ara èèyàn méjì ti gba àyè inú ẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan méjì ń gbé ẹrù jù ú lọ dáadáa. Ó tún wúwo, bíi páùn 80, ẹni méjì ló máa gbé e sórí mọ́tò. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, tàbí ẹni tí apá ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, òun lẹ máa rà, kí alágbára jókòó sẹ́yìn. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì lórí irú ọkọ̀ kékeré yìí, òfin Maryland ni, ẹ̀yin àgbà náà ẹ wọ̀ ọ́.

Èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹni tó ń gbé fúláàtì tí ò ráyè kó ọkọ̀ sí lè rà á fún adágún. Fún ọ̀sà yìí, rárá. Ọ̀kan bá wa lọ, atẹ́gùn ọ̀sán dé, a sì fi okùn fà á dé ibùdó, gbogbo wa ló rẹ̀.

Nípa ọkọ̀ ike àbí ti fáíbà (fiberglass), ẹ ra ike. Fáíbà fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀sà yẹn ò jìn, níbòmíì omi ò ju orúnkún lọ, ẹ máa wọ́ ọkọ̀ lórí iyanrìn àti ìkarahun. Torí omi ò jìn náà, ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tẹ́ ẹ lè fi okùn fà sókè ni kẹ́ ẹ mú.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́fà bíi tiwa, mẹ́rin kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ń wọnú ẹ̀, méjì tó kù kí wọ́n jọ wọ ẹlẹ́ni méjì, kẹ́ ẹ pín omi mímu náà sínú gbogbo ọkọ̀, ẹ má dì í ru ẹnì kan, torí ẹni tí ẹrù ẹ̀ bá wúwo jù ni gbogbo yín máa dúró dè. Kúlà, ẹ fi bẹ́líìtì dì í pinpin lálẹ́, àwọn ẹṣin ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀ máa ń wá oúnjẹ kiri inú ibùdó, òfin ibẹ̀ ò sì gbà ká sún mọ́ àwọn ẹṣin náà tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Tẹ́ ẹ bá lè ní sùúrù, ẹ dúró dìgbà tí ooru bá lọ kẹ́ ẹ tó rà, àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà máa ń ta àlòkù wọn nígbà yẹn, ẹ mú garawa omi kan dání, ẹ ti ọmọrí pa, ẹ da omi lé e lórí, kẹ́ ẹ ṣí i wò lójú ẹni tó ń tà á.