Láti Exeter dé Plymouth, níwájú ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ jókòó sí

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ DVD kan tí mo rà, torí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, òun nìkan là ń wò. Wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́yìn gíláàsì iwájú ọkọ̀ ojú irin, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, wọ́n tàn án ní Exeter St Davids, ibùdókọ̀ ojú irin kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò pa á títí ọkọ̀ fi wọ Plymouth. Kò sí eré nínú ẹ̀, kò sí orin, kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé, irin ni, òkun ni, sígínà ni, fún bíi wákàtí kan gbáko. Mo ti wò ó tó ìgbà mẹ́fà báyìí, mi ò sì tíì rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán.

Bàbá mi ni mo torí ẹ̀ rà á. Wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nílùú ọba níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ti gbé nítòsí Ẹ̀bútè Mẹ́ta á mọ irú èèyàn tí mò ń sọ, àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí fèrè ọkọ̀ ò lè dún kí wọ́n má sọ fún ẹ irú ẹ́ńjìnnì tó ń bọ̀. A jọ wọ ọkọ̀ lọ kí àbúrò ìyàwó mi ní Plymouth, mo ṣe wàhálà gan-an kí n tó rí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún wọn, ojú òkun kọjá níwájú wọn, wọ́n gbádùn ẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tá a wá délé ni wọ́n sọ pé, "Ó dáa o, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ rí gan-an, awakọ̀ nìkan ló ń rí i." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Lóòótọ́ lóòótọ́, tó o bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ohun tó ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹ náà lò ń rí, o ò rí ibi tí ò ń lọ, o ò rí bí irin ṣe yí, o ò rí iṣẹ́ táwọn tó la ọ̀nà yẹn ṣe. Níwájú ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ọ̀nà yìí, Isambard Kingdom Brunel, ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́, ló là á, apá àkọ́kọ́ ẹ̀ láti Exeter dé ìlú Teignmouth létí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 1846. Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ga jù, ló bá gbé irin gba etí òkun gan-an, wọ́n mọ odi òkúta, wọ́n to irin sórí ẹ̀, òkun lápá òsì, òkè pupa lápá ọ̀tún, kò sáàyè míì. Lójú fèrèsé, èèyàn ò lè mọ bí àyè yẹn ṣe fún tó. Lójú awakọ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi okùn méjì lélẹ̀ sí bèbè òkun tó ní kó o máa bọ̀.

Bó ṣe kúrò ní St Davids ló ti kọjá lórí odò Exe, ó gba òkè àwọn ilé ní St Thomas, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, odò náà sì ń fẹ̀ sí i títí ó fi dà bí ọ̀sà. Ìgbà tí wọ́n ya fídíò yìí omi ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ń dán yanran, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹyẹ ń ṣa nǹkan jẹ láàárín wọn. Ní Starcross, ẹ wo apá ọ̀tún, ẹ máa rí ilé òkúta pupa ńlá kan nítòsí irin. Ẹ má jẹ́ kó kọjá o! Ilé ẹ̀rọ ni. Brunel fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń fà á, ó tẹ́ páìpù sáàárín irin méjèèjì, ẹ̀rọ inú ilé yẹn á máa fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn á wá ti ọkọ̀ lọ. Awọ ni wọ́n fi bo ojú páìpù, wọ́n fi ọ̀rá pa á, àmọ́ awọ ò bá wọn gbé e, ó ń gbẹ, ó ń ya, afẹ́fẹ́ ń jò. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n fi gbé èrò pẹ̀lú ẹ̀, 1847 sí 1848, wọ́n pa á tì. Bàbá mi ní ká dá fídíò dúró níbẹ̀, wọ́n dìde lọ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ilé yẹn pẹ́. Wọ́n ní bó ṣe jẹ́ awọ ló bà á jẹ́, kì í ṣe ọgbọ́n ọkùnrin yẹn ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ̀yìn Dawlish Warren ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Àpáta pupa kan wà níbẹ̀, Langstone Rock, ọkọ̀ á gba àárín àpáta kọjá, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ògiri pupa nìkan lò ń rí, pupa bíi erùpẹ̀ ọ̀nà Ìkirè lẹ́yìn òjò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni irin yí, ògiri tán, òkun ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú fóònù ni mo ń wò nígbà méjì, ìgbà kẹta mo rí òkun ṣùgbọ́n mi ò rí bó ṣe yọ.

Láti ibẹ̀ wọ Dawlish, ìlú kékeré kan létí òkun, ẹ wo odi náà dáadáa. Ẹ máa rí i pé kọ́ńkéré tuntun funfun-funfun bẹ̀rẹ̀ níbì kan, kò dà bí òkúta àtijọ́. Ibẹ̀ ni òkun gbé lọ ní oṣù kejì ọdún 2014. Ìjì jà lóru, ìgbì gbá odi yẹn títí ó fi wó, ilẹ̀ abẹ́ irin wọ inú òkun, irin wá ń fì lókè pẹ̀lú àwọn igi ìdábùú abẹ́ ẹ̀ bí afárá okùn. Ọkọ̀ ojú irin ò lè dé Plymouth àti Cornwall tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́ rárá, torí ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn náà ni. Wọ́n rọ òkúta sínú kọ̀ǹtéínà, wọ́n tò ó síwájú òkun kó má baà jẹ wọ inú ìlú, wọ́n ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ni ọkọ̀ padà gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá mọ odi tuntun tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n tẹ orí ẹ̀ síwájú kí ìgbì tó bá gùn ún lè padà sọ́dọ̀ Olókun tó ni ín. Bàbá mi ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, mo ní àwọn wọ̀nyí wà á, bàbá mi ní rárá, ṣe ni wọ́n dúró kó rọlẹ̀ ná. Òótọ́ sì ni, títí dòní tí òkun bá ru jù, wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró.

Ohun kan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ohùn tó ń dún nínú yàrá awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó ẹ máa gbọ́ "tíín", lẹ́yìn díẹ̀ "tíín" míì. Mo rò pé fóònù awakọ̀ ni! Bàbá mi ló là mí lóye. Mágínẹ́ẹ̀tì kan wà láàárín irin ṣáájú sígínà kọ̀ọ̀kan, tí sígínà bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé, á dún tíín, tó bá jẹ́ yẹ́lò tàbí pupa, ìwo ló máa dún, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì kan wéré pé òun gbọ́, tí kò bá tẹ̀ ẹ́, bíréèkì á mú ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ Newton Abbot ìwo yẹn dún, mo rí i tí bàbá mi tẹ àtàǹpàkò mọ́ apá àga, kíá, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é. Torí náà inú mi dùn pé ẹni tó ṣe DVD yìí kò da orin lé e lórí. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dùùrù àti fèrè ni wọ́n fi bo ohùn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan tó dáa.

Tọ́nẹ̀lì márùn-ún, ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè, ló wà láàárín Dawlish àti Teignmouth, Kennaway ni àkọ́kọ́, Parson's Tunnel ló gùn jù, òun náà ló kẹ́yìn. Òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀, òkun fìrí, òkùnkùn. Nínú Parson's yẹn ẹ wo iwájú tààrà: ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ dà bí ojú abẹ́rẹ́, á di ẹnu ìgò, á di ẹnu ìkòkò, omi á kán sórí gíláàsì tó! tó! wáípà á nù ún lẹ́ẹ̀kan, kó tó dẹ́yìn padà ẹ ti jáde, odi òkun gùn lọ́ọ́lọ́ níwájú yín títí dé Teignmouth. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí odi yẹn, èèyàn ń mú ajá rìn, ẹnì kan ń fi ìwọ̀ pẹja, ọmọ kékeré kan tó wọ bàtà òjò ju ọwọ́ sókè, awakọ̀ fún un ní ìwo méjì, òkè kan ìsàlẹ̀ kan. Bàbá mi náà juwọ́ ní pálọ̀ wa. Àwọn ọmọ mi rí i, gbogbo ìgbà tá a bá ti dé ibẹ̀ báyìí, gbogbo ilé ló ń juwọ́.

Lẹ́yìn Teignmouth, odò Teign ló kàn, ó rọlẹ̀, ó rẹwà, títí dé Newton Abbot. Òkun ti tán nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì pa fídíò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa á. Àwọn òkè tó kàn, Dainton àti Rattery, ga gan-an fún ọkọ̀ ojú irin, ẹ máa gbọ́ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe yí padà tó ń kùn. Ìdí tí wọ́n fi ga bẹ́ẹ̀ ni pé Brunel fọkàn sí i pé páìpù afẹ́fẹ́ òun ló máa ti ọkọ̀ gùn ún, kò yọ ara ẹ̀ lẹ́nu láti mú ilẹ̀ rọlẹ̀. Páìpù kú, òkè kù. Totnes, Ivybridge, Plymouth, n ò ní sọ púpọ̀ lórí wọn, wọ́n dáa.

Àléébù ò ṣàì sí. Àkọlé tó ń sọ orúkọ ibi kéré jù, á yọ, kó o tó kà á ó ti lọ, kò tiẹ̀ sí orúkọ tọ́nẹ̀lì kankan, èmi ni mo lọ wá a. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jáde látinú òkùnkùn, àwòrán á funfun báláú fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì kí kámẹ́rà tó bá ara ẹ̀ mu, ibi tó sì yẹ ká rí jù nìyẹn. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá àwòrán ẹ̀ ò mọ́ tó bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí mi ti ha lára, ó ń dúró ní Dawlish, mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dá mi lóhùn, àmọ́ ó fi òmíràn ránṣẹ́, kò gba owó míì. £16 ni mo san. Ti ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí YouTube lóòótọ́, àmọ́ inú tọ́nẹ̀lì gan-an ni ìpolówó ọjà máa ń já sí i, ìyẹn ò sì ṣe é fojú fò fún irú nǹkan báyìí.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Tẹ́ ẹ bá ní òbí tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ò lè máa gorí ọkọ̀ kiri, ẹ rà á fún wọn, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá a dúró bó bá ṣe wù wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ fúnra yín, apá òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí láti Exeter, apá ọ̀tún tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Plymouth, ẹ sọ̀ ní Dawlish, ẹ rin orí odi yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí ná. Kẹ́ ẹ sì ti wo fídíò yìí kẹ́ ẹ tó lọ, torí á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ gbé ojú sókè.

Bàbá mi ti padà sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àárín aṣọ òkè wọn ni wọ́n fi DVD yẹn sí kó má baà ha. Mo ti sanwó òmíràn.