Hudibras ọdún 1744 tí mo rà: àwòrán kan ni wọ́n fi jẹ mí níyà

N ò ra ìwé yìí nítorí ewì, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́. Àwòrán inú rẹ̀ ni mo ń lé. Hudibras tí Samuel Butler kọ ni, èyí tí Zachary Grey ṣe àlàyé sí, tó jáde lọ́dún 1744, ìdìpọ̀ méjì. £240 ni mo san fún ẹnìkan tó ń ta ìwé àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kò sí ohun tó yọ lára rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni ewì náà látòkè délẹ̀. Àwọn onísìn aláṣejù tó gbógun ti ọba ni Butler fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Hudibras, ajagun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ewì náà, gun ẹṣin jáde pẹ̀lú Ralpho ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n máa dẹ ajá sí béárì mọ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Trulla ló ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n sì kan ààbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ èdè rẹ̀ le, lẹ́tà s rẹ̀ sì dà bí f. N ò tíì kà á dé ìdajì.

Àwòrán ńkọ́? Mo gbé awò lé èyí tí Hudibras ti wà nínú ààbà. Wọn ò kun dúdú kankan síbẹ̀ o! Ìlà tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀, wọ́n ń dábùú ara wọn níbi tí òjìji bá ti ṣú. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi fín in sára bàbà, bí ẹni ń fín igbá. Wọ́n á ki yíǹkì bọ ojú fínfín, wọ́n á nu òkè rẹ̀ mọ́, wọ́n á wá tẹ bébà tó rin lé e pinpin. Títí dòní, ìka mi ṣì ń mọ ibi tí etí bàbà náà ti tẹ bébà wọnú.

Ẹni tó tà á kọ "Hogarth" gàdàgbà-gadagba. Òótọ́ díẹ̀ ni. Ọdún 1726 ni William Hogarth, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fín tirẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, òun náà sì wo àwòrán ọdún 1710 kó tó ṣe é. J. Mynde ló tún un fín fún ti 1744. Lójú tèmi, ẹ̀rín ojú àwọn èèyàn náà dín kù lọ́wọ́ Mynde.

Mo wá ka iye àwòrán inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ojú Butler, 16 ló yẹ kí n rí. 15 ni mo bá! Skimmington ni kò sí, ìwọ́de tí wọ́n fi ń dójú ti ọkọ tí ìyàwó ń lù: àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra lórí ẹṣin kan, wọ́n fi aṣọ obìnrin sórí ọ̀pá bí àsíá. Ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà ò lè tẹ bàbà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tẹ àwòrán kí wọ́n tó dì í mọ́ ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti yọ, kí wọ́n fi férémù sí i. Etí bébà tí wọ́n gé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, òjìji yíǹkì rẹ̀ sì hàn fírífírí lójú ewé tó kọjú sí i.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ kí ẹni tó tà á fún mi tó dá £60 padà. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

N ò dá ìwé náà padà. Ẹlòmíràn ti ní òun ní Skimmington nìkan, £35 ló pè é. Inú ìwé ẹnìkan lòun náà ti yọ ọ́, ó sì lè jẹ́ tèmi gan-an. Mo ṣì ń rò ó.