Sójà páráṣúùtì mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Mo jẹ́ kí sójà yìí pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá tú páálí, kò sí ọmọláńgidi tí kò rẹwà. Ìgbà tó bá dúró lórí pẹpẹ títí, tí eruku bà á, tí a yí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni a tó mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọmọláńgidi ni mo pè é, n kò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí Hasbro, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, gbé G.I. Joe, sójà ìṣeré wọn, jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964, wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn sétí rárá, torí wọ́n gbà pé òbí kò ní ra ọmọláńgidi fún ọmọkùnrin. Action figure ni wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń wọ aṣọ fún, tí a ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ọmọláńgidi náà ni, aṣọ yẹn gan-an ló sì fà mí wọ inú rẹ̀.

Tèmi yìí ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà ènìyàn gidi. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, ti 101st Airborne, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń fi páráṣúùtì já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, bí wọ́n ṣe múra lóru tí wọ́n fi páráṣúùtì já bọ́ sí Normandy nílẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944. Mẹ́sàn-án ni mo ní nínú irú wọn, láti ọwọ́ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Aṣọ M1942, ìyẹn aṣọ àwọn ọmọ ogun páráṣúùtì, tí wọ́n rán sí i lọ́rùn kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kàn gé lẹ̀. Àpò mẹ́rin tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ dagun bó ṣe yẹ, gbogbo wọn ló sì ń ṣí. Aṣọ gidi náà kò lágbára tó ní orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán kánfáàsì mọ́ ọn kí wọ́n tó gbéra lọ sí Normandy. Ẹni tó ṣe sójà mi mọ èyí: ó rán aṣọ mìíràn síbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú díẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Nígbà tí mo rí i, mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Àkoto rẹ̀ ní àmì spade ti orí káàdì, funfun, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyẹn ni pé rẹ́jímẹ́ǹtì 506th, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka 101st, ló ti wá. Àmì ọkàn ni ti 502nd, dáyámọ́ǹdì sì ni ti 501st. Ìlà kékeré kan tún wà lápá ọ̀tún spade náà, èyí tó fi hàn pé bàtálíọ̀nù kìíní ló ti wá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń gbàgbé ìlà yẹn. Wọ́n tún so nǹkan idẹ kan mọ́ ọn lára tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ: ohun tí ń dún bí ìrẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ ara wọn nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tirẹ̀ á fi ẹ̀ẹ̀mejì dá a lóhùn. Tèmi kò lè dún, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ìbọn M1 Garand rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 18, bẹ́ẹ̀ ti gidi jẹ́ nǹkan bí 110, nítorí náà ìṣirò wọn pé. Ọta mẹ́jọ rẹ̀ ń yọ jáde lódindi. Ojú rẹ̀ dára, n kò ní fa ọ̀rọ̀ ìyẹn gùn. Ọwọ́ rẹ̀ le jù: ẹ má fi agbára ti ìbọn sí i o, ìka á kán. Ẹ ki ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, á rọ̀, ẹ wá fi di ìbọn mú.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Bàtà rẹ̀, awọ tí kì í ṣe awọ gidi ni, irú èyí tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ bo aṣọ lójú. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Okùn aago ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹ̀bi mi ni, pé ká ní mo fi í sílẹ̀ nínú páálí ni, kò ní bàjẹ́. Ó bọ́ sí i pé mo ní ìkejì rẹ̀, tí n kò tíì fọwọ́ kàn rí. Mo tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàtà rẹ̀ ti ń ṣí nínú páálí níbẹ̀, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ irú awọ yìí, ooru sì ń ràn án lọ́wọ́. Páálí kò lè dá a dúró. Ẹ̀yin tó ń to páálí tí ẹ kò tú jọ, tí ẹ rò pé ẹ ń tọ́jú wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo bàtà wọn.

Èyí ló mú mi rántí àwọn G.I. Joe kéékèèké tó jáde ní 1982, tí gíga wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Òrùka rọ́bà kan ló so àyà wọn mọ́ ẹsẹ̀ nínú ikùn. Rọ́bà yẹn náà máa ń gbó, á já, sójà á sì pín sí méjì. Ṣùgbọ́n skúrúù kan ló wà lẹ́yìn wọn: ẹ tú u, ẹ fi òrùka tuntun sí i, ó parí. Ẹni tó ṣe wọ́n fi ohun tí yóò gbó síbi tí ọwọ́ wa lè tó o. Nínú tèmi, wọ́n fi gúlúù lẹ bàtà mọ́ kókósẹ̀ ni. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e kúrò.

Mo ti ra bàtà rọ́bà tí wọ́n dà fún àwọn méjèèjì. Kókósẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ti dẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹrù tó wà lára rẹ̀, nítorí náà mo fi igi kékeré tì í lẹ́yìn. Ẹnì kejì kò padà sínú páálí mọ́. Wọ́n jọ dúró lórí pẹpẹ níbi tí oòrùn kò dé, ìdì kékeré tí ń fa ọ̀rinrin mu wà lẹ́yìn wọn, mo sì ń yí apá wọn padà lóṣooṣù kí oríkèé má bàa gan.